Màmá Olùkọ́ Dáhùn: Ẹ̀wọ̀n Bedford, Ọ̀nà Canterbury àti Orin Tí A Ń Kọ

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lóṣù yìí pọ̀ ju ti ọkọ àti aya lọ. Ó dùn mọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá: Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì bí mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n bá yín wá físà Kánádà, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe ẹ́ḿbásì.

*

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, mò ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì Abomey-Calavi. Olùkọ́ wa kan sọ ní kíláàsì pé ẹni tí kò bá mọ Bíbélì kò lè lóye lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mùsùlùmí ni wá nílé. Bàbá mi ò ní bá mi jà tí wọ́n bá rí Bíbélì lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n inú wọn ò ní dùn. Ṣé dandan ni?"
Ọmọ Alùfáà, Kétu

Ọmọ mi, òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń dẹ́rù bani ni. Jẹ́ kí n fi ìwé kan tó ṣeé ṣe kí ẹ ti kà ṣàlàyé. Chinua Achebe gbé No Longer at Ease jáde ní 1960. Orúkọ tó fún ìwé yẹn, inú ewì T. S. Eliot ló ti mú un, èyí tí Eliot kọ ní 1927 nípa àwọn amòye tó rin ọ̀nà jíjìn lọ wo Jésù ọmọ-ọwọ́. Eliot náà yá nǹkan. Ìbẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀, ìwàásù ni tẹ́lẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Lancelot Andrewes ló wàásù rẹ̀ níwájú Ọba James lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1622, tó ń sọ bí òtútù ṣe mú àwọn arìnrìn-àjò náà àti bí ọ̀nà wọn ṣe jìn. Andrewes yìí kan náà wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, òun ló ṣe olórí àwọn tó mójú tó Jẹ́nẹ́sísì títí dé Àwọn Ọba Kejì. Gbogbo rẹ̀ sì padà sí orí kejì ìwé Mátíù, ẹsẹ méjìlá péré.

Wá wo ohun tí ìyẹn ṣe fún ìtàn Obi Okonkwo. Ọmọkùnrin náà ti lọ kàwé dé láti Ìlú Òyìnbó, ilé ò gbà á mọ́, ìwà àwọn òyìnbó náà ò sì mọ́ ọn lára tán. Nínú ewì Eliot, àwọn amòye yẹn padà sí ìjọba wọn, ilé sì sú wọn, torí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n rí. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, wàá ka ìwé Achebe tán, wàá gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n wàá rò pé ó kàn wá orúkọ tó dùn létí ni.

Nítorí náà, kà á. Ìwọ tó kéwú láti kékeré, o ti mọ̀ ju bó o ṣe rò lọ. O mọ Yẹsúfù àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó jù ú sí kànga. O mọ Múúsá àti Fíráónà, o mọ Nùhù, o mọ Ayúbà tó ṣàìsàn tí kò bú Ọlọ́run, o mọ Máríámù ìyá Ànábì Ísá. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìjọ mi tí mo kọ́, tí wọ́n ń gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, kò mọ ìtàn wọ̀nyí tó àwọn ọmọ ilé kéú. Mi ò sọ ọ́ láti bú wọn, mo rí i nínú ìwé ìdánwò ni.

Bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, kí o ka Jóòbù, kí o ka Sáàmù bíi mélòó kan, ìwé Lúùkù, àti Ìfihàn. Má ṣe tò ó láti ojú ewé kìíní lọ. Léfítíkù ni yóò dá ọ dúró, bó ṣe dá ọ̀pọ̀ Kristẹni dúró. Ti 1611 ni kí o kà ní Gẹ̀ẹ́sì, torí òun ló wà létí àwọn òǹkọ̀wé yẹn látìgbà èwe wọn. Níbi tó bá ti le, gbé ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódidi ní 1884. Yóò gbà ọ́ ju ti Faransé lọ, mo fi dá ọ lójú.

Ní ti bàbá rẹ, má fi pamọ́ fún wọn. Mú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ dání, fi ibi tí olùkọ́ ní kí ẹ kà hàn wọ́n. Sọ fún wọn nípa Yẹsúfù. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ni wọ́n máa sọ ìyókù ìtàn fún ọ.

*

"Màmá wa, ẹ kú àárọ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin ni wá nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan níbí. A ti ń dá owó jọ láti lọ sí Ìlú Òyìnbó. Àwọn kan ní afárá London àti ààfin ọba la máa wò, àwọn kan ní kí a lọ síbi tí ìsìn wa ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, èwo ló tó owó nínú gbogbo rẹ̀?"
Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ouando, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìmúra o. Kí n tó dé orí ilé ìjọsìn, ẹ jẹ́ ká sọ ti físà, torí mo mọ àwa. Físà Schengen tí ẹ̀gbọ́n yín fi ń lọ sí Paris kò wọ Ìlú Òyìnbó. Tiwọn dá dúró. Gbogbo ìwé Faransé tí ẹ bá fẹ́ fi tọrọ rẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé báńkì, ìwé ìgbéyàwó, wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má gbé e fún ọmọ àbúrò yín tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Atúmọ̀ tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tó lè fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, ni kí ẹ wá. Mo ti rí ẹni tí nǹkan kékeré yìí ba ìrìn-àjò rẹ̀ jẹ́.

Ààfin ọba, bí kì í bá ṣe àsìkò tí wọ́n ń ṣí i fún àlejò, ẹnu géètì lẹ máa dúró sí, òjò lè máa pa yín. Ẹ máa rí i dáadáa jù lórí tẹlifíṣọ̀n.

City Road ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ní London. Ibẹ̀ ni ilé ìjọsìn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1778. Ilé tó gbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibojì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. 1791 ló kú. Ẹ máa gbàdúrà, ẹ máa kọrin, ẹ máa ya fọ́tò nínú aṣọ ẹgbẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ sọdá títì. Lódìkejì gan-an ni itẹ́ òkú kan wà tó ń jẹ́ Bunhill Fields, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbowó ìwọlé lọ́wọ́ yín. Ìyá Wesley, Susanna, wà níbẹ̀. Daniel Defoe tó kọ ìtàn Robinson Crusoe wà níbẹ̀. William Blake akéwì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn tí kò bá ìjọ ìjọba ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló kún orí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì wọn láàárín àwọn òkú, kò sì bà wọ́n lẹ́rù rárá. Láàárín ibẹ̀ ni ẹ máa rí ère ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ibojì, ìwé lọ́wọ́. John Bunyan tó kọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ nìyẹn. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ ibojì wò, wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan tó ru ẹrù sí i.

Ẹni tó ru ẹrù yẹn ni ó yẹ kí ẹ tẹ̀ lé dé Bedford. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Luton, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, kò jìnnà. Ẹ máa rí ère Bunyan nínú ìlú náà, ẹ máa rí ilé ìjọsìn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ìtàn inú ìwé rẹ̀ sára ilẹ̀kùn bàbà rẹ̀. Àárín àwòrán wọ̀nyẹn lẹ máa gbà wọlé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wádìí ọjọ́ tó ń ṣí kí ẹ tó lọ, torí kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ta ni Bunyan? Ẹni tó ń tún ìkòkò àti páànù tó lu ṣe ni, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Elstow, abúlé kan lẹ́bàá Bedford, ni wọ́n bí i sí ní 1628. Ìwé tó kà nílé-ìwé ò tó nǹkan. Ó ń wàásù láìgba àṣẹ, wọ́n mú un ní 1660, 1672 ló tó jáde ní ẹ̀wọ̀n. Ọdún méjìlá. Bó bá ti lè ṣèlérí pé òun ò ní wàásù mọ́, wọn ì bá ti tú u sílẹ̀. Kò ṣe é. (Ní Àjàṣẹ́ tiwa níbí, káfíńtà ni Oschoffa kí ó tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà sílẹ̀ ní 1947. Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa ni wọ́n ti tọ́ ọ. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹun ti ṣe púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn dókítà ìmọ̀ ìsìn lọ, bí ẹ bá bi mí.)

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ obìnrin ni yín, ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Elizabeth ni ìyàwó kejì, ọ̀dọ́ ni, kò tíì pẹ́ nílé ọkọ tí wọ́n fi wá mú ọkọ lọ. Ó lóyún lọ́wọ́. Ìpayà yẹn jẹ́ kí ó rọbí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ọmọ náà sì kú. Ní 1661 obìnrin yìí dìde, ó lọ bá àwọn adájọ́ ńlá tí ọba rán wá sí Bedford, ó dúró níwájú wọn nínú yàrá tó kún fún àwọn èèyàn ńlá. Ó ní ọmọ mẹ́rin wà nílé tí wọn ò lè ran ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan fọ́jú, àánú àwọn èèyàn rere ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Matthew Hale, ṣàánú rẹ̀, ó sì sọ ọ̀nà òfin tó lè tọ̀ fún un. Àwọn ìyókù jágbe mọ́ ọn. Kò rí ọkọ rẹ̀ gbà. Kì í sì í ṣe òun ló bí àwọn ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí, ẹ má gbàgbé.

Ọmọ tó fọ́jú náà ń jẹ́ Mary. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, wọ́n gbé jọ́ọ̀gì amọ̀ kan sẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n ní òun ni Mary fi ń gbé ọbẹ̀ lọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ ju bí mo ṣe dúró níwájú ère lọ. Jọ́ọ̀gì lásán ni, irú èyí tí wọn ò ní náwó ńlá lé lórí lọ́jà Ouando, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti tò síwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n rí pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mọ ohun tó ń wò. Fèrè kan tún wà níbẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ àga ló fi gbẹ́ ẹ nínú yàrá ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Okùn bàtà ló sì ń ṣe níbẹ̀ fún títà kí àwọn ará ilé lè rí jẹ. Ẹ̀wọ̀n náà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́, wọ́n ti wó o.

Canterbury wá kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket nínú ilé ìjọsìn ní 29 oṣù Kejìlá 1170, àwọn arìnrìn-àjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn ni Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ìwé rẹ̀, The Canterbury Tales, ní nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá: ẹgbẹ́ tó pàdé nílé ìtura kan ní Southwark, tí wọ́n ń sọ ìtàn lọ́nà kí ọ̀nà lè kúrú. Obìnrin kan wà láàárín wọn láti ìlú Bath, aṣọ ló ń hun, ó ti fẹ́ ọkọ márùn-ún, ó ti dé Jerúsálẹ́mù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ kà á kí ẹ tó lọ. Ẹ máa rí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.

Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n wó ojúbọ Becket ní 1538. Àbẹ́là kan ló ń jó báyìí níbi tó ti wà. Àmọ́ tiwa níbẹ̀ ni èyí: nínú ilé yẹn, ní 29 oṣù Kẹfà 1864, ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí. Wọ́n ń gbowó ìwọlé. Ẹ san án.

Bí owó bá mú kí ẹ yọ ọ̀kan, ẹ yọ afárá London. Kí ẹ sì tó dá sẹ́fà kan sí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ra Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ní Yorùbá, kí ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀ nípàdé. Ẹgbẹ́ tó bá ti kà á á mọ ohun tí wọ́n ń wò lára ilẹ̀kùn bàbà yẹn. Ìjà yín á sì dínkù, torí ẹ máa rí nǹkan mìíràn jà lé lórí.

*

"Ìyá wa, mo kí yín láti Sábẹ. Bàbá mi tó ti di olóògbé fi Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ kan sílẹ̀, ikán ti jẹ etí rẹ̀, ojú ewé mìíràn ti já. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká sun ún, pé ìwé òyìnbó ni, kò kàn wá. Èmi rò pé Yorùbá ló kọ ọ́, torí Yorùbá inú rẹ̀ dùn. Ta ló kọ ọ́?"
Àbúrò, Sábẹ

Ẹ má sun ún o! Bunyan tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ló kọ ọ́, ó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1678. Ẹni tó sọ ọ́ di Yorùbá ni David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán wá, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna gbé ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860, ọ̀nà dí, wọ́n há sínú ìlú, ebi pa wọ́n débi pé ìyàwó ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó jẹun. Ní 1866 ni ìwé náà jáde ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n yín jàre lórí pé òyìnbó ló kọ ọ́. Pé kò kàn wá ni mi ò gbà.

Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń sá kúrò nílùú tó máa parun, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aládùúgbò ń fi í ṣẹ̀sín, iyàwó ò tẹ̀ lé e. Ó kó sí irà. Wọ́n mú un lọ́jà kan tí wọ́n ti ń ta gbogbo asán ayé, oyè, ilé, obìnrin, wúrà, wọ́n sì pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọjà yẹn ni òǹkọ̀wé mìíràn, Thackeray, yá orúkọ rẹ̀, Vanity Fair, fún ìwé tirẹ̀ ní nǹkan bí 170 ọdún lẹ́yìn náà. Ní ilẹ̀ wa náà ó bímọ. Ẹ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 tẹ̀ lé e, kí ẹ wo ìrìn-àjò eléwu yẹn, kí ẹ wo ẹgbẹ́ tó jọ ń lọ, tí ìwà kálukú ti wà lára orúkọ rẹ̀: Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀. Olùkọ́ ni Fágúnwà, ilé-ìwé ìjọ ní Ọ̀yọ́ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n òkè, igbó, iwin àti ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀, ti Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Kò sí Bedford níbẹ̀.

Ìwé bàbá yín, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, yóò pọ́n, yóò sì jẹ bébà náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku àti ikán kúrò, ẹ fi aṣọ òwú funfun tó mọ́ wé e, ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀, níbi tí kò lọ́rinrin. Kí ọmọ tó ní tẹlifóònù tó dáa nínú ilé ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá kọ nǹkan sí etí ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ sì fi han ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀ iná.

*

"Màmá, akọrin ni mí ní ìjọ wa ní Àjàṣẹ́. Mo kà á pé John Newton tó kọ 'Amazing Grace' ta ẹrú níhà ọ̀dọ̀ wa. Mo sọ fún olórí akọrin pé mi ò kọ orin yẹn mọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tó ti yí padà ni kò ti ta ẹrú kankan mọ́, kí n má yọ ìjọ lẹ́nu. Ta ló jàre?"
Ohùn Kejì

Ìwọ lo jàre jù. Kì í ṣe etíkun tiwa gan-an ló ti ń ra ẹrú, ìhà Sierra Leone ni jù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí olórí akọrin yín sọ, irọ́ dídùn tí gbogbo ìjọ ń pa ni. Ìjì jà lójú òkun ní oṣù Kẹta 1748, Newton ké pe Ọlọ́run, òun fúnra rẹ̀ sì ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tó yí padà. Lẹ́yìn ìgbà náà ló tó di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú. Láti 1750 sí 1754 ló fi jẹ́ ọ̀gá, ó ń ṣe ìsìn fún àwọn atukọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn èèyàn sì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àìsàn ló mú un kúrò nídìí iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rí-ọkàn. Ó di àlùfáà ní Olney, tí kò jìnnà sí Bedford, ní 1764. Ọdún tuntun 1773 ló kọ orin náà fún. Ó wọ inú ìwé ní 1779 pẹ̀lú àwọn orin ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Cowper. Ọdún 1788 ló tó gbé ìwé jáde láti sọ fún gbogbo ayé bí òwò yẹn ṣe burú tó, ó sì sọ pé ojú ń ti òun. Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ wúlò, torí ẹni tó ti ṣe é ló ń sọ̀rọ̀. Ilé aṣòfin Ìlú Òyìnbó fòfin de òwò náà ní 1807, oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Newton kú.

Àwa ará Àjàṣẹ́ ò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Òwò yẹn ló jẹ́ kí àwọn Pọtogí fún ìlú wa lórúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé. Mọ́sáláṣí àgbà wa tó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, àwọn ìdílé tó ti oko ẹrú Brazil padà wá ló kọ́ ọ.

Bí o bá fẹ́, kọ ọ́. Bí o ò bá fẹ́, pa ẹnu dé, ẹlòmíràn á gbé ohùn kejì. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi: mo máa ní kí wọ́n tẹ àwọn ọdún wọ̀nyẹn sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa kọ ọ́, 1748, 1754, 1773, 1788, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

*

"Ṣé òótọ́ ni pé Crowther dé Kétu?"
Ọmọ Alákétu

Òótọ́ ni. Oṣù Kìíní 1853, ó ti Abẹ́òkúta wá, Alákétu sì gbà á dáadáa. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: ní 1886 àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ ìlú náà, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ, lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ọba Dahomey ni àwọn tó kù tó padà. Ẹnubodè Akaba Ìdénà tí ẹ ń gbà kọjá yẹn ti wà kí gbogbo rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wá ìwé Geoffrey Parrinder lórí ìtàn Kétu, 1956. Òyìnbó Mẹ́tọ́díìsì ni, ó kọ́ àwọn oníwàásù níbí ní Àjàṣẹ́ láti 1933 kí ó tó lọ sí yunifásítì Ìbàdàn.

*

"Màmá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi kọ àròkọ mi lórí Jane Eyre? Ọjọ́ Ajé ni mo máa fi sílẹ̀."
Ọmọ yín, Tokpota

Rárá o.

Ṣùgbọ́n ka ojú ewé tó kẹ́yìn. Charlotte Brontë, ọmọ àlùfáà, gbé ìwé náà jáde ní 1847. Jane ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ti fẹ́ ẹni tó fẹ́ràn, ó ti bímọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kì í ṣe tirẹ̀. Ti St John Rivers ni, ajíhìnrere tó lọ sí Íńdíà, ẹni tí Jane kọ̀ láti fẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì wá láti Ìfihàn orí 22, ẹsẹ ogún. Kí ló dé tí obìnrin tó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn fi jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn? Fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ. Ọjọ́ Ajé ṣì jìnnà díẹ̀.